Àyẹ̀wò oúnjẹ ọmọ ajá Royal Canin Maxi Puppy: ìgbà mélòó ló yẹ kí a máa bù ú lóòjọ́?

Royal Canin Maxi Puppy jẹ́ oúnjẹ gbígbẹ tí wọ́n ṣe fún ọmọ ajá tí yóò wọ̀n láàárín kílò 26 sí kílò 44 nígbà tó bá dàgbà tán, láti ìgbà tó bá ti pé oṣù méjì títí di oṣù 15. Mo kọ àyẹ̀wò yìí fún ẹni tó fẹ́ fi owó gidi ra àpò kan ní Ìbàdàn, ní Èkó tàbí ní Abẹ́òkúta, tó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọjà náà tó owó rẹ̀. Èrò mi ni pé oúnjẹ náà dára, ó sì wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rà á tán tó wá ń da ti gbogbo ọjọ́ kalẹ̀ fún ọmọ ajá olóṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ní rí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó sanwó fún. Púpọ̀ nínú ẹ̀sùn tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń sin ajá, pé oúnjẹ náà ń mú kí ajá yàgbẹ́ gbuuru, pé ajá kò yó, pé ajá ń sanra láìga, ló jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń bù ú ni ó fà á. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò yìí yóò fi sọ̀rọ̀ nípa ìgbà jíjẹ ju bí àwọn àyẹ̀wò oúnjẹ ajá mìíràn ti máa ń sọ lọ.

Ilẹ̀ Faransé ni Royal Canin ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968, dókítà ẹranko kan tó ń jẹ́ Jean Cathary ló sì dá a sílẹ̀. Abẹ́ ilé iṣẹ́ Mars ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló wà lónìí. Ohun tí wọ́n fi yàtọ̀ ni pé wọ́n pín oúnjẹ ọmọ ajá gẹ́gẹ́ bí ajá náà yóò ti tóbi tó. Ìpín yìí ló yẹ kí olùrà kọ́kọ́ wò, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í rà. Ọmọ ajá Alsatian bọ́ sínú Maxi láìsí àríyànjiyàn. Ajá ìbílẹ̀ wa, tí kì í sábà kọjá kílò 20, kò bọ́ síbẹ̀. Medium Puppy, tó wà fún àwọn tí yóò wọ̀n láti kílò 11 sí kílò 25, ni tirẹ̀, oṣù 12 ni yóò sì jẹ ẹ́ dé. Lhasa Apso, tó ti kún ilé àwọn ará Èkó báyìí, Mini Puppy ló yẹ ẹ́. Boerboel, tí gbogbo ẹni tó bá kọ́ ilé olódi ń wá kiri, tóbi ju Maxi lọ, nítorí pé akọ rẹ̀ máa ń kọjá kílò 60. Giant Puppy ni wọ́n ṣe fún irú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni akọ Rottweiler tí ìyá àti bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ajá ńlá. Bí ẹ bá dé ilé ìtajà tí olùtajà kò sì béèrè irú ajá tí ẹ ní kó tó gbé àpò lé yín lọ́wọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ bi ara yín.

Abo Alsatian ni a fi jẹ ẹ́ nílé wa, láti ìgbà tó kúrò lábẹ́ ìyá rẹ̀. Hóró oúnjẹ náà tóbi ju ti àwọn oúnjẹ ọmọ ajá kékeré lọ, ó sì le díẹ̀, nítorí náà ọmọ ajá ní láti rún un kó tó gbé e mì. Èyí wúlò fún ẹ̀yà tó máa ń jẹun bí ẹni pé wọ́n ń lé e. Fún ọmọ ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù méjì, tí eyín rẹ̀ kò tíì lágbára, a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ hóró náà títí tó fi rọ̀, a sì ń dín omi náà kù díẹ̀díẹ̀ títí tó fi ń jẹ ẹ́ ní gbígbẹ. Òórùn rẹ̀ kò le lágbárakátá bíi ti àwọn kan tí ẹ óò mọ̀ pé ó wà nínú ilé kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn. Ajá náà fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, ìgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, ó ṣeé fi ìwé kó, irun rẹ̀ sì ń dán. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tọ́ ọmọ ajá rí nínú ilé tó ní táìlì mọ̀ pé ìgbẹ́ tó ṣeé kó kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Àtẹ ìwọ̀n tó wà lára àpò ni ó tún yẹ kí n yìn, àmọ́ ó gba kí ènìyàn kà á dáadáa. Nǹkan méjì ni wọ́n fi ṣe àtẹ náà: bí ajá yóò ti wọ̀n tó nígbà tó bá dàgbà, àti iye oṣù tó wà báyìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbé ọmọ ajá sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á rí kílò mẹ́jọ, wọ́n á wá máa wá kílò mẹ́jọ lára àpò. Wọn kò ní rí i, nítorí pé ìwọ̀n àgbà ni àtẹ náà ń béèrè. Ìwọ̀n ìyá àti bàbá ọmọ ajá náà ni ẹ óò fi mọ èyí. Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín kí ẹ tó sanwó. Ohun kejì ni pé iye gíráàmù tó wà nínú àpótí àtẹ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti odindi ọjọ́ kan. Mo ti rí ẹni tó kà á sí ti ìgbà kan, tó ń bù ú ní ìlọ́po mẹ́ta, tó wá ń sọ pé oúnjẹ òyìnbó ń tètè tán. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé àtẹ náà fún ajá yín ní 320 gíráàmù. Bí ó bá ń jẹun ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, 80 gíráàmù ni ẹ óò bù lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta, ó lé díẹ̀ ní 100. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, 160 ni. Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò nílé ìdáná ni ẹ óò fi wọ̀n ọ́n. Ife ìmumi kò ṣeé gbára lé, ìwọ̀n ife kan kì í ṣe ti èkejì.

Ìgbà mélòó wá ni? Láti oṣù méjì títí di nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ni mo gbà pé ó dára jù. Láti oṣù mẹ́ta títí di oṣù mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mejì, láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ sì fi í sí bẹ́ẹ̀ títí ajá yóò fi darúgbó. Àwọn dókítà ẹranko kan yóò sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹta tó láti ìbẹ̀rẹ̀ fún ọmọ ajá ńlá, mi ò sì ní bá wọn jà, nítorí pé ọmọ Alsatian olóṣù méjì ti ní ikùn tó fẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tí yóò sọ pé ẹ̀ẹ̀kan.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ ajá tó ń dàgbà nílò agbára tó tó ìlọ́po méjì ti ajá àgbà tí wọ́n jọ wọ̀n bákan náà, ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ sì rèé, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ikùn rẹ̀ kéré. Bí ẹ bá rọ́ gbogbo rẹ̀ sínú ikùn kékeré náà lẹ́ẹ̀kan, ìfun rẹ̀ kò ní lè lọ̀ ọ́ tán, èyí tí kò lọ̀ ni yóò sì jáde bí ìgbẹ́ gbuuru. Apá kan nínú owó oúnjẹ olówó ńlá yín lè máa lọ sínú páńtí báyìí. Fún ẹ̀yà kékeré, bíi Lhasa Apso, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń tètè wálẹ̀ bí wọ́n bá pẹ́ jù láìjẹun, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, wọ́n sì lè dákú. Irú wọn ni kí ẹ má ṣe dín ẹ̀ẹ̀mẹrin kù fún títí wọn yóò fi pé oṣù mẹ́rin, ó kéré tán.

Fún ilé tí gbogbo ènìyàn ti ń jáde lọ ṣiṣẹ́, ètò ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìṣòro. Ohun tó rọrùn fún wa ni aago méje àárọ̀, aago méjìlá ọ̀sán, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àti aago mẹ́jọ alẹ́. Ti ọ̀sán ni ẹ óò wá ẹni fún. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé lè bù ú bí ẹ bá ti wọ̀n ọ́n sínú ike kọ̀ọ̀kan láàárọ̀, tí ẹ sì sọ fún un pé kó má ṣe fi ohunkóhun kún un. Ọmọ tó ti ilé ìwé dé lè bu ti aago mẹ́rin. Ẹ̀rọ tó máa ń bu oúnjẹ fún ajá fúnra rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé èyí tó ń lo iná mànàmáná nìkan. Bí ètò yìí kò bá sì ṣeé ṣe rárá, mo rò pé ẹ dúró kí ọmọ ajá tí ẹ fẹ́ rà pé oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó mú un wálé, nígbà tí ẹ̀ẹ̀mẹta ti tó o. Ó sàn fún un ju kí ó máa dúró de ilẹ̀kùn láti aago mẹ́fà àárọ̀ tí ẹ ti bọ́ sójú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀.

Àǹfààní kan tún wà nínú ètò yìí tí àwọn tó ń ta oúnjẹ kì í sọ. Ọmọ ajá sábà máa ń fẹ́ yàgbẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 15 sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó bá jẹun. Bí àkókò oúnjẹ bá dúró sójú kan, àkókò ìgbẹ́ náà yóò dúró sójú kan, ẹ óò sì lè mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé kó tó ṣe é sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ajá tí abọ́ rẹ̀ kún láti àárọ̀ títí di alẹ́, tó ń fẹnu bà á nígbà tó bá wù ú, ìgbàkigbà ni yóò máa ṣe é. Nítorí náà, bí ó bá ti jẹ tán tàbí tí ìṣẹ́jú 20 bá ti kọjá, ẹ gbé abọ́ náà kúrò. Ìyókù oúnjẹ tí ẹ ti fi omi rẹ, ẹ dà á nù, nítorí pé nínú ooru wa kì í pẹ́ kó tó kan. Omi mímu nìkan ni ó yẹ kó wà nílẹ̀ nígbà gbogbo. Bí èèrà bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ gbé abọ́ náà sínú àwo tó ní omi díẹ̀, wọn kò ní lè kọjá.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu kan èrò kan tó gbilẹ̀ láàárín wa, pé ajá tí a bá fi ṣọ́ ilé, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ló yẹ kó jẹun, ní alẹ́, kí ebi lè mú un gbóná. Ebi kì í kọ́ ajá ní iṣẹ́ ọ̀dẹ̀. Ajá tí ebi ń pa yóò gba ẹran lọ́wọ́ olè, yóò sì jókòó tì í. Èyí tó burú jù ni pé, nínú ajá ńlá tí àyà wọn jìn, bí Alsatian àti Boerboel, jíjẹ oúnjẹ rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóòjọ́ wà lára ohun tó ń mú kí ewu pọ̀ pé ikùn wọn yóò wú, tí yóò sì yí po. Àìsàn náà lè pa ajá láàárín wákàtí díẹ̀, àwọn ajá tó ti dàgbà ló sì máa ń ṣe jù. Àṣà ẹ̀ẹ̀mejì tí ẹ bá fi kọ́ ọmọ ajá láti oṣù mẹ́fà ni yóò bá a dàgbà, kò sì ní náwó kún owó, nítorí pé iye gíráàmù kan náà ni.

Bí mo ti ń yin àtẹ ara àpò tó, ẹ má ṣe kà á sí òfin. Ọwọ́ yín ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi ìka ra egungun ìhà ọmọ ajá náà. Ó yẹ kí ẹ lè kà wọ́n lábẹ́ awọ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, síbẹ̀ kí wọ́n má ṣe yọ síta gan-gan. Bí ẹ bá sì wò ó láti òkè, ó yẹ kí ìbàdí rẹ̀ tẹ́ wọlé díẹ̀. Bí ọ̀rá bá ti bo egungun náà, ẹ dín oúnjẹ kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, kí ẹ má ṣe dín iye ìgbà kù. Àwọn ará ilé wa máa ń yọ̀ bí ọmọ ajá bá rí ròbòtò, wọ́n á ní ó ń jẹ dáadáa, ṣùgbọ́n fún ẹ̀yà ńlá, ìsanra ní kékeré ń di ẹrù lé oríkèé tí kò tíì gbó, ara ohun tó sì ń fa àrùn ìbàdí àti ìgúnpá nìyẹn. Ibi tí Maxi Puppy ti ṣe dáadáa nìyí, nítorí pé wọ́n ṣe òdiwọ̀n agbára àti kálísíọ́mù inú rẹ̀ fún ajá tí ìdàgbàsókè rẹ̀ gba àkókò gígùn, kí ó má baà ga jù kí egungun tó le.

Kálísíọ́mù yìí ló mú kí n kìlọ̀ nípa oògùn. Ó ti di àṣà láwọn ilé ìtajà ajá pé bí ẹ bá ti ra oúnjẹ, wọ́n á fi ike kálísíọ́mù kan tì í, wọ́n á ní kí etí ajá lè dúró, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè nípọn. Ọmọ ajá tí kò tíì tó oṣù mẹ́fà kò lè kọ kálísíọ́mù tó bá pọ̀ jù. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ bá kó wọ ikùn rẹ̀ ni ara rẹ̀ yóò gbà, àpọ̀jù rẹ̀ sì ń ba egungun ajá ńlá jẹ́. Oúnjẹ tó pé tẹ́lẹ̀ kò nílò àfikún. Ẹ fi owó yẹn ra oògùn aràn.

Mo wá dé orí ilé ìtajà. Ọ̀kan wà ní Ìbàdàn tí mi ò ní dárúkọ, tí ọjà rẹ̀ pọ̀ tí ẹnu rẹ̀ sì dùn, tó ń ta oúnjẹ yìí ní bíbù: wọ́n á ja àpò kílò 15, wọ́n á máa wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá funfun ní kílò kan, kílò méjì. Mo mọ ìdí rẹ̀, nítorí pé owó odindi àpò kò sí lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rá funfun kò ní àtẹ, kò ní ọjọ́ tí oúnjẹ yóò bàjẹ́, kò sì ní orúkọ tó máa sọ bóyá Maxi ni tàbí oúnjẹ ajá àgbà. Nígbà tí mo bi ọmọkùnrin tó ń wọ̀n ọ́n pé ìgbà mélòó ni kí a máa bù ú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà bù ú kún abọ́, bó bá yó á fi í sílẹ̀." Ọmọ ajá kì í sábà fi í sílẹ̀. Epo tó wà nínú hóró oúnjẹ gbígbẹ tún máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kan lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ bá ti wọlé, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìgbà tí wọ́n ti já àpò tó wà nílẹ̀ gbalasa yẹn. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ra ti bíbù, ẹ ní kí wọ́n já àpò náà lójú yín, ẹ ya fọ́tò àtẹ ẹ̀yìn rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ sórí fóònù yín, kí ẹ sì ra èyí tí yóò tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Fún ẹni tó bá lágbára rẹ̀, àpò kílò mẹ́rin tí wọ́n rán lẹ́nu láti ilé iṣẹ́ sàn ju kílò mẹ́rin inú ọ̀rá lọ, kódà bí owó rẹ̀ bá lé díẹ̀.

Nílé, ẹ fi oúnjẹ náà sílẹ̀ nínú àpò rẹ̀, kí ẹ ká ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì gbé àpò náà sínú ike oníderí. Àkókò òjò ni ẹ ní láti ṣọ́ jù, nítorí ọ̀rinrin. Èkúté náà ń bẹ: ìtọ̀ rẹ̀ ni àrùn leptospirosis ń gbà wọlé sára ajá, àti sára ènìyàn pẹ̀lú.

Owó ni àbùkù tó tóbi jù. Ọjà tó ń gba òkun wọlé ni, àti láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, iye rẹ̀ kò dúró sójú kan mọ́. Mi ò lè sọ pé gbogbo ilé ló yẹ kó rà á. Bí apá yín kò bá ká a, ẹ wá oúnjẹ ọmọ ajá tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, kí ẹ ka ara àpò rẹ̀ bóyá wọ́n kọ ọ́ pé ó pé fún ìdàgbàsókè gẹ́gẹ́ bí ìlànà AAFCO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣàkóso oúnjẹ ẹranko ní Amẹ́ríkà, tàbí ti FEDIAF, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ní Yúróòpù. Ìlànà AAFCO béèrè púrótéènì 22.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, nínú oúnjẹ ọmọ ajá bí a bá yọ omi inú rẹ̀ kúrò, nígbà tí ti ajá àgbà jẹ́ 18. Bí ẹ bá rí 18 lára àpò tí wọ́n ya ọmọ ajá sí, ẹ dá a padà.

Àwọn mìíràn máa ń pò ó pọ̀ mọ́ oúnjẹ ilé, mo sì gbà pé ó ṣeé ṣe bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá oúnjẹ ọjọ́ bá ṣì jẹ́ ti inú àpò. Ìrẹsì sísè tí kò ní iyọ̀, ẹyin sísè, ẹja tí a ti yọ eegun rẹ̀, kò burú. Ọbẹ̀ wa ni kò dára, nítorí àlùbọ́sà: ó ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa ajá jẹ́, ì báà jẹ́ tútù tàbí sísè, kò sì sí ọbẹ̀ ata tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀bà tí a fi ọbẹ̀ àná tọ́ sí, tí gbogbo wa fi tọ́ ajá nígbà kan rí, kò lè kọ́ egungun ọmọ Alsatian. Ẹran lásán náà kò lè kọ́ ọ; fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ pọ̀, kálísíọ́mù rẹ̀ kéré, egungun ajá tí a fi ẹran nìkan bọ́ a sì máa rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa wọ́. Eegun adìyẹ tí a ti sè ń fọ́ ṣọnṣo, ó lè gún ìfun. Wàrà màlúù sì ń fún ọ̀pọ̀ ọmọ ajá ní ìgbẹ́ gbuuru.

Bí ọmọ ajá bá ti ń jẹ nǹkan mìíràn kí ẹ tó rà á, ẹ má ṣe pààrọ̀ rẹ̀ lójijì. Ẹ gba díẹ̀ nínú oúnjẹ tó ń jẹ lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kí ẹ fi ti tuntun kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, láìyí iye ìgbà padà. Ètò náà ni yóò tún fi ajá tí ara rẹ̀ kò yá hàn yín. Ọmọ ajá tó ń jẹun ní ẹ̀ẹ̀mẹta tó sì kọ ti ọ̀sán lè jẹ́ pé ooru ló mú un. Èyí tó kọ ẹ̀ẹ̀mejì léraléra, tó ń bì, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an, pàápàá bí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ fún parvo, àrùn tó ń mú kí ọmọ ajá máa bì kí ó sì máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, kò tíì pé. Ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà. Ní Abẹ́òkúta, ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, wà. Àwọn tó wà níbẹ̀ yóò tún bá yín wọn ajá náà, wọ́n á sì sọ bóyá iye gíráàmù tí ẹ ń bù bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu.

Fún ẹni tó ní Alsatian tàbí ajá mìíràn tó bọ́ sínú kílò 26 sí 44, tí apá rẹ̀ ká owó náà títí di oṣù 15, tó sì ní ẹni tí yóò bu ti ọ̀sán nílé, mo gbà á níyànjú pé kó rà á. Kí ó kọ́kọ́ ra àpò kílò mẹ́rin, kí ó fi wo bí inú ajá náà yóò ti gbà á, kí ó tó gbé èyí tó jẹ́ kílò 15. Ẹni tó ní Boerboel kí ó kọjá sí Giant, ẹni tó ní ajá ìbílẹ̀ kí ó ra Medium kó sì fi owó tó ṣẹ́ kù ra òṣùwọ̀n.